Ẹ̀kọ́ Ìwé àti Iṣẹ́ Ìlú: Àyẹ̀wò Títọ́ Ọmọ nínú Ìwé Aké

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń bọ́ sí ẹnu Yorùbá nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ bí òwe tí ó sọ pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. À ń pa òwe yìí níbi ìsọmọlórúkọ, à ń pa á níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, àwọn olóṣèlú pàápàá sì ń pa á nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà dúró yẹ̀ wò. Kí ni igba ojú náà ń ṣe? Ṣé ṣíṣọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣọ́ ọmọ náà, kí ó má baà ṣìnà, kí wọ́n sì lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn nílé bí ó bá ṣìnà? Tàbí iṣẹ́ mìíràn wà tí ìlú ní láti ṣe lára ọmọ, èyí tí òbí àti olùkọ́ kò lè bá a ṣe? Ìwé kan wà tí ó fi ìtàn dáhùn ìbéèrè yìí, tí ìdáhùn rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ìwé náà ni Aké, ìtàn ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti tẹ Aké jáde ní 1981, ọdún márùn-ún kí òǹkọ̀wé rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn Nobel. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìwé àlejò ni láàrin àwọn ìwé wa. Abẹ́òkúta ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀ fún apá tí ó pọ̀ jù, láti nǹkan bí àárín ọdún 1930 títí di àárín ọdún 1940 sókè. Òǹkọ̀wé náà, tí a bí ní 1934, dàgbà nínú ọgbà ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké, níbi tí bàbá rẹ̀, S. A. Ṣóyínká, ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Essay ni ọmọ náà ń pe bàbá rẹ̀ nínú ìwé náà, láti ara lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Wild Christian ni ó ń pe ìyá rẹ̀, nítorí ìtara obìnrin náà nínú ìgbàgbọ́.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ka ìwé yìí ni láti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì kẹ́dùn pé irú ayé bẹ́ẹ̀ ti kọjá lọ. Èyí kò burú, nítorí ìwé náà ń pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sì kẹ́dùn nínú rẹ̀ pé òórùn oúnjẹ àtijọ́ ti pòórá lójú ọ̀nà ọjà. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á bẹ́ẹ̀ nìkan, a ó sọ ọ́ di àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri. Bí a bá tẹ̀lé ọmọ inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé ohun kan ni òǹkọ̀wé ń fi hàn wá léraléra. Ilé-ìwé fún ọmọ náà ní irinṣẹ́. Ìlú ni ó fún un ní ohun tí yóò fi irinṣẹ́ náà ṣe. Kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣọ́ ọ ni ó ti dàgbà jù. Ibi tí àwọn àgbà ti rán an ní iṣẹ́ tí ó ní láárí, tí wọ́n sì gbára lé e pé yóò jẹ́ ẹ, ni ó ti dàgbà jù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fi hàn pé òùngbẹ ìwé kò ṣòro láti rí lára ọmọ. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ó kó ìwé bàbá rẹ̀ dání tí ó tẹ̀lé Tinú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó pè é, kò sì sí ẹni tí ó lé e. Àwọn olùkọ́ rò pé yóò sú u láìpẹ́. Kò sú u. Ẹni tí ó bá kánjú ka ibí yìí yóò sọ pé ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọmọ kọ́ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ilé-ìwé náà wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ilé, àwọn olùkọ́ sì jẹ́ ènìyàn tí ọmọ náà ń rí lójoojúmọ́. Kò sí odi láàrin ibi tí a ti ń jẹun àti ibi tí a ti ń kàwé. Ọmọ tí ó bá rí ìwé ní ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó tó rí i ní ọwọ́ olùkọ́ kò ní í kà á sí ẹrù òfin tí a dì lé òun lórí.

Láti inú ọgbà yìí ni ọmọ náà ti bọ́ sí ìgboro. Ẹgbẹ́ ọlọ́pàá afunfèrè kan ń kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ yòókù ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ni ó ń bá ìlù lọ, ó kọjá ibi tí ó mọ̀, ó dé ibi tí kò mọ̀, títí ó fi bá ara rẹ̀ ní Ìbarà lọ́dọ̀ òyìnbó ọlọ́pàá, tí wọ́n sì dá a padà sílé. Níhìn-ín ni igba ojú inú òwe wà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́: ọmọ sọnù, ìlú sì dá a padà fún àwọn tí ó ni ín. Ó dára. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí a rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú parí sí. Ọmọ náà ti rí i pé ìlú gbòòrò ju ọgbà ìjọ lọ, láti ìgbà náà ni ìwé náà sì ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi wọ inú ìlú náà bí ẹni tí ó ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, tí kì í ṣe bí ọmọ tí ó sọnù.

Nílé, ohun tí ọmọ náà ń rí ni àríyànjiyàn. Essay àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí olùtàwé ìjọ wà lára wọn, lè mú ọ̀rọ̀ kékeré kan kí wọ́n máa jà lé e lórí fún wákàtí púpọ̀, àwọn ọmọ a sì máa gbọ́. Ó dára kí a fi èyí wé ọ̀nà tí D. O. Fágúnwà gbà kọ́ni nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí a tẹ̀ ní 1938, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní Òkè Láńgbòdó, Ìrágbèje a máa jókòó ti àwọn ọdẹ, a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ ọgbọ́n lọ́jọ́ kan tẹ̀lé èkejì. Ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ wà lára rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó jinlẹ̀ ni, àwọn olùkọ́ ìran kan sì fi tọ́ àìmọye ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwàásù bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni ó mọ̀, àwọn yòókù ń gbọ́. Nínú Aké, kò sí ẹni tí ó jókòó wàásù fún ọmọ náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára tó àríyànjiyàn tí ó gbọ́ láàrin àwọn àgbà. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn kan. Ó kọ́ pé àgbà lè ṣàìmọ̀, pé ẹni tí ó bá fẹ́ borí gbọ́dọ̀ mú ìdí wá, àti pé ìjà ọ̀rọ̀ kì í fọ́ ọ̀rẹ́.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ewu tirẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì fi í pamọ́. Nígbà tí ìdílé náà lọ sí Ìsarà, ìlú bàbá rẹ̀, tí a ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba àti àwọn ìjòyè, ó bèèrè ìdí tí òun yóò fi dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn nígbà tí òun kò dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ ń pa òǹkàwé, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wúwo. Èyí ni ohun tí ẹ̀kọ́ ìwé lè ṣe bí ó bá dá dúró: ó lè fún ọmọ ní ẹnu tí ó mú láìfún un ní ìmọ̀ ilẹ̀ tí ó tẹ̀. Ìsarà kan náà ni ó sì fún un ní ìdáhùn, lọ́nà tí kò retí. Bàbá rẹ̀ àgbà mú kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé ayé tóbi ju ti onígbàgbọ́ lọ, ó sì tóbi ju ti ìwé lọ. Kò ní kí ó jáwọ́ nínú ìwé. Ó mọ̀ pé ìwé náà jẹ́ ojú ogun kan, ó sì ń múra ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ohun tí òun ní. Alàgbà tí kò bá ilé-ìwé jà, tí kò sì tẹrí ba fún un, ni a rí níhìn-ín. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ìwé wa, níbi tí àgbà abúlé sábà máa ń jẹ́ ọ̀tá ìwé tàbí ẹrú rẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1908, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni ọ̀gá àgbà nígbà náà. Dáódù ni gbogbo ènìyàn ń pè é nínú ìwé náà. Ẹgba wà ní ilé-ìwé rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹgba yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣẹ̀, Dáódù a máa jẹ́ kí ó wí tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ọmọ tí ó bá sì lè fi ọgbọ́n gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lè bọ́ nínú ìyà. Àwọn kan lè rò pé eré ni. Ẹni tí ó bá mọ ilé-ìwé ayé ìgbà náà, àti ọ̀pọ̀ tí ó wà lónìí, yóò mọ̀ pé nǹkan ńlá ni kí ọ̀gá jókòó kí ó gbọ́ àwíjàre ọmọ. Ilé-ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ìgbìmọ̀ ìlú, níbi tí a kì í ti í dá ẹni lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìmúrasílẹ̀ fún ibi tí ìwé náà ń lọ, èyí tí í ṣe ìtàn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Ìtàn náà kì í ṣe àlọ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyàwó Dáódù, tí ìwé náà ń pè ní Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, kó àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tí wọ́n mọ̀wé jọ sí ẹgbẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 sókè. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé àti ọmọ ni wọ́n ń sọ. Ní 1944 ni àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ wọ́n wá, tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Láti inú kíláàsì yìí ni ẹjọ́ wọn ti jáde: owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́tọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin, àti ìyọlẹ́nu àwọn tí ń gba ẹrù wọn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní 1947 àti 1948 wọ́n kún àgbàlá Aláké Adémọ́lá Kejì fọ́fọ́, ọba náà sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, kí ó tó padà sí orí rẹ̀ ní ìparí 1950.

Níbo ni ọmọ náà wà nínú gbogbo èyí? Kò sí lójú fèrèsé. Ó wà lára àwọn tí ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti dá lẹ́tà mọ̀, nígbà tí ìjà sì dé, ó di ẹni tí ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwùjọ obìnrin kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Yorùbá a máa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ìtùnú ni a fi ń lò fún ọmọ, kí ó má baà rò pé òun kò já mọ́ nǹkan. Nínú Aké òwe náà di òtítọ́ ní gidi. Ọwọ́ obìnrin àgbàlagbà tí ó ti ń tajà fún ọdún púpọ̀ kò wọ inú lẹ́tà. Ọwọ́ ọmọdé wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ àwọn àgbà kò lè gba àárín èrò kọjá láìjẹ́ pé a fura sí wọn. Ti ọmọdé gbà á. Ohun tí ilé-ìwé fún un, tí ó jẹ́ fún èrè ara rẹ̀ nìkan títí di ìgbà náà, di ohun tí ẹlòmíràn nílò. Ìyípadà yìí ni ìdàgbàsókè tí ìwé náà ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí irú iṣẹ́ tí a rán an. Àṣà wa mọ iyì ìránṣẹ́ tí ó ní làákàyè. A ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a kò sọ, kí ó mọ èyí tí yóò sọ àti èyí tí yóò gbé mì, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sáré. Kò sí ìdánwò tí ilé-ìwé lè ṣe fún ọmọ láti mọ èyí. Ìlú tí ó ní ọ̀rọ̀ gidi láti gbé ránṣẹ́ nìkan ni ó lè kọ́ ọ.

Ibì kan wà nínú ìtò ìwé náà tí ó fi hàn pé òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹ̀kọ́ yìí síwájú. Nínú Aké, ìjà àwọn obìnrin wáyé kí ọmọ náà tó fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Government College ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n 1946 ni ó lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí ìjà náà sì le jù ní 1947 àti 1948. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìlú tí ó pé níbẹ̀ lè sọ pé àṣìṣe ni. Àyẹ̀wò ìwé kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ìrántí ni ó to àwọn nǹkan náà bẹ́ẹ̀, ó sì to wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìwúwo wọn nínú ayé ọmọ náà, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wọn. Ó fi ìjà àwọn obìnrin sí ìparí nítorí pé òun ni kíláàsì ìkẹyìn tí ọmọ náà jókòó sí kí ó tó kúrò ní ìlú rẹ̀. Ẹni tí yóò fi Aké kọ́ ìtàn ìlú Ẹ̀gbá ní láti ṣọ́ra. Ẹni tí yóò fi í kọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà yóò rí i pé ìtò náà bá òtítọ́ mu.

Kí ni ọmọ náà sì kọ́ ní kíláàsì yìí? Ó gbọ́ bí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ṣe sọ̀rọ̀ àrífín sí Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, tí Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ sì bi í léèrè bóyá a kọ́ ọ nílé. Ìdáhùn tí Yorùbá yóò fún ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ajẹ́lẹ̀ tí ó gba ìwé ẹ̀rí di ẹni tí a bí tí a kò kọ́. Nígbà tí a ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní 1945, ọmọ náà gbọ́ bí obìnrin kan náà ṣe ń fi tẹlifóònù bá òyìnbó aláṣẹ wí, tí ó ní ìbá ṣe ìlú àwọn aláwọ̀ funfun ni, wọn kì bá tí ju irú rẹ̀ sí i. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Níhìn-ín ó rí àríyànjiyàn tí ó ní ohun tí ó ń dá dúró, tí ẹni tí ó ń sọ ọ́ sì lè fi ara gbá a. Ìmọ̀ tí a kò fi gbèjà ẹnikẹ́ni, ọ̀ṣọ́ ni.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìwé náà kò ṣe pẹ̀lú. Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ni ọmọ inú Aké. Ìwé wà nílé rẹ̀, ọ̀gá àgbà jẹ́ ìbátan rẹ̀, aṣáájú àwọn obìnrin sì jẹ́ ẹni tí ó ń wọlé rẹ̀ nígbàkigbà. Ìdílé náà tún kún fún àwọn ọmọ mìíràn, ìbátan àti àwọn tí a mú wá láti kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹ ìyà, wọ́n sì ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò tẹ̀lé èyíkéyìí nínú wọn dé ibi tí ó lọ. Iṣẹ́ ni a ń rán àwọn náà, láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kí ni ó dé tí iṣẹ́ tiwọn kò sọ wọ́n di ohun tí ti ọmọ yìí sọ ọ́ dà? Ìwé náà kò bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà wà níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà. Gbígbálẹ̀ àti pípọnmi jẹ́ iṣẹ́ tí a ń rán ọmọ láìsọ ìdí fún un. Iṣẹ́ tí ń sọ ọmọ di ènìyàn ni èyí tí ó mọ ohun tí ó wà fún, tí ó sì lè fi ìmọ̀ rẹ̀ kún un. Bí a bá fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀ fún ọmọ àwọn tí ó mọ ènìyàn nìkan, igba ojú náà yóò máa wo àwọn ọmọ kan bí ọmọ, yóò sì máa wo àwọn mìíràn bí ọwọ́ iṣẹ́.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan yóò ní ewu ń bẹ nínú kí àgbà máa lo ọmọdé nínú ìjà wọn, wọn kò sì parọ́. Ilẹ̀ wa ti rí ọ̀dọ́ tí olóṣèlú kó jọ, tí ó fún lówó, tí ó fi da ìbò rú, tí ó sì gbàgbé wọn lọ́jọ́ kejì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Aké ni pé àwọn obìnrin náà kò fi owó ra ọmọ náà, wọn kò sì fi ìdí ìjà pamọ́ fún un. Ó mọ àwọn tí a gba ẹrù wọn. Ó ti jókòó tì wọ́n nídìí ìwé. Olóṣèlú ń fẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́ láìfẹ́ orí rẹ̀. Kíláàsì àwọn obìnrin fẹ́ orí ọmọ náà kí ó tó lo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe ìran ọmọ náà nìkan ni a rí èyí lára rẹ̀. Ní 1989 Ṣóyínká tẹ ìwé mìíràn jáde, Ìsarà, lórí bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n, tí wọ́n tú ká sí ìlú oríṣiríṣi. Ohun tí ó sì tún kó wọn jọ ni ọ̀rọ̀ ìlú wọn, pàápàá ìjà oyè tí ó gbé Samuel Akínsànyà dé orí ìtẹ́ Ọdẹmọ ní 1941. Irú ìran bẹ́ẹ̀ kò mọ sí Ìsarà. Ilé-ìwé gíga Iléṣà, Ilesa Grammar School, kò dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni ó dá a sílẹ̀ ní 1934. Ọmọ tí ó bá kàwé ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti wọ ibẹ̀ pé àwọn ènìyàn kan fi nǹkan sílẹ̀ kí òun lè jókòó. Gbèsè ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, gbèsè rere sì ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà nílé-ìwé sì lé ní 800,000 ní ọdún náà. Kò sí ẹni tí ó ní ojú àánú tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yìí. Òun ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn gan-an tí Aké kò tẹ̀lé. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-ìwé di ti ìjọba pátápátá, ọ̀pọ̀ ìlú rò pé iṣẹ́ tiwọn ti parí. Ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ fún ìdánwò, ìdánwò ń mú un kúrò nílùú, ìlú sì ń ṣe ìpàdé rẹ̀ láìsí ọmọ níbẹ̀ rárá, àfi èyí tí a bá rán láti gbé àga. Ọmọ tí ó lè ka ìwé ìṣirò kò rí àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin tí ó lè kọ lẹ́tà ń gbé àdúgbò tí àwọn ìyá ọlọ́jà kò ti lè ka ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn. Irinṣẹ́ wà, iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mú àwọn méjèèjì pàdé.

Ibí yìí ni olùkọ́ tí ó ń fi Aké kọ́ni ti ní ohun tí ó lè ṣe. Bí ó bá dúró lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọn ènìyàn inú ìtàn nìkan, àwọn ọmọ yóò ṣe dáradára nínú ìdánwò, ìwé náà yóò sì kú sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi wọ́n léèrè pé, nínú ìlú yín, ta ni ó nílò ohun tí ẹ mọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ohun tí ìwé náà ń sọ. Àwọn ìyá ọjà ṣì wà. Àwọn arúgbó tí ìtàn ìlú wà nínú wọn, tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣì wà. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tí wọ́n nílò akọ̀wé ṣì wà pẹ̀lú. Àwọn àgbà ìlú náà ní ipa tiwọn, ó sì lè ṣòro fún wọn ju ti olùkọ́ lọ: wọ́n gbọ́dọ̀ gbà pé kí ọmọdé gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ó sì bèèrè ìdí rẹ̀, bí ọmọ náà ti bèèrè ní Ìsarà.

Ní ìparí Aké, nígbà tí ọmọ náà ń múra àtilọ sí Ìbàdàn, Dáódù kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ilé-ìwé tí òyìnbó jẹ́ ọ̀gá fún, ó sì bá ọmọ náà sọ ọ́ lójúkojú. Ọmọ náà kò jẹ́ ẹrù tí a ń gbé láti ilé-ìwé kan sí èkejì; ẹni tí a lè bá jiyàn lórí ọ̀nà ara rẹ̀ ni. Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ìwé tí ilẹ̀ Yorùbá ti mú jáde lórí ìgbà èwe, òun ni ó sọ ọ́ kedere jù pé ìlú tí kò rán ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ gidi kò tíì tọ́ ọ tán, bí ó ti wù kí ilé-ìwé rẹ̀ dára tó. Igba ojú ń wo ọmọ lóòótọ́. Ó tó àkókò kí àwọn tí wọ́n ni ojú náà la ẹnu wọn pẹ̀lú, kí wọ́n rán an níṣẹ́.